Mẹ́dàlì Wúrà Ọdún 1897 Kan ní Abẹ́òkúta: Bí A Ṣe Wádìí Ìtàn Rẹ̀ àti Iye Tí Ó Tó

Ẹbí kan ní àdúgbò Aké, ní Abẹ́òkúta, sin ìyá àgbà wọn tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n ṣe òkú rẹ̀ tán pẹ̀lú ẹ̀yẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀. Nínú àpótí irin kan, lábẹ́ aṣọ òfì àti àdìrẹ tí ó ti ṣá, ni wọ́n ti rí ìdì aṣọ kékeré kan. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wúrà róbótó kan tí àwòrán orí obìnrin wà lójú rẹ̀ méjèèjì, tí ẹnì kan sì ti jó òrùka kékeré mọ́ etí rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi ẹ̀wọ̀n gbé e kọ́ ọrùn. Lójú kan, obìnrin náà ti dàgbà, ó sì fi ìbòrí bo orí. Lójú kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin ṣì ni, a sì kọ 1837 sí abẹ́ orí rẹ̀.

Àríyànjiyàn kò pẹ́ kí ó tó bẹ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà náà jẹ́ ọmọ ìyàwó kejì nínú ìyàwó mẹ́ta tí baba ńlá wọn fẹ́. Baba yìí ni ó ń ra epo pupa àti èkùrọ́ ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá, tí ó sì ń kó wọn gba ojú odò Ògùn lọ sí Èkó kí rélùwéè tó dé. Olórí ẹbí, tí ó wá láti ìdí-igi àkọ́kọ́, sọ pé láti kékeré ni òun ti ń gbọ́ pé Ọbabìnrin Victoria fi wúrà ránṣẹ́ sí baba àwọn láti ìlú òyìnbó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ogún gbogbo ilé ni, ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò sì pín in. Àwọn ọmọ ìyá àgbà ní tiwọn sọ pé ìyá-ìyá àwọn ni ó fi owó ọwọ́ ara rẹ̀ rà á, pé láti ọrùn rẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ọrùn ọmọ rẹ̀, àti pé kò kan ìdí-igi yòókù rárá. Nítorí náà, kì í ṣe iye wúrà nìkan ni wọ́n pe àwa tí ń wádìí ìtàn àti iye ohun àtijọ́ sí. Ìtàn rẹ̀ ni yóò sọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nínú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè méjèèjì máa ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá pọ̀ báyìí, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀ ni ó ní ohun tí ó fẹ́ kí èsì rẹ̀ jẹ́.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mẹ́dàlì náà. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ti fi fáìlì gbo etí rẹ̀ níbì kan kí ó lè wo inú rẹ̀, ó sì ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n gé e sí mẹ́ta kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Olórí ẹbí ti gbà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé ni ó di aṣọ ìdì náà mú, tí ó ní wọn kò ní gé e lójú òun. Ẹlòmíràn tí ń ra àlòkù wúrà ti wọ̀n ọ́n, ó sì ti dá iye lé e bí ẹni ń ra yẹtí tí ó ṣẹ́. Ọmọ-ọmọ kan tí ń gbé ní òkè òkun náà sì ti wo íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí 1837, ó sì kọ̀wé sílé pé owó wúrà ọdún tí Ọbabìnrin náà gorí ìtẹ́ ni, pé kí ẹnikẹ́ni má ta á láìjẹ́ pé owó rẹpẹtẹ ni wọ́n mú wá.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kò ní ẹwà kankan. A ní kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, a wọn mẹ́dàlì náà lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ya fọ́tò ojú rẹ̀ méjèèjì àti etí rẹ̀ yíká, títí kan ibi tí fáìlì ti gbo, a kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn sì buwọ́ lù ú. A kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọṣẹ, eérú tàbí ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ mọ́. Àwọn kan rò pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ìfura ti wọ̀, bí wúrà bá fi díẹ̀ fúyẹ́ nígbà tí ó bá padà, kò sí àlàyé tí yóò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Lẹ́yìn èyí ni a kọjú sí ohun tí a fi ṣe é. Ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mìlímítà 25. Pẹ̀lú òrùka, ó wọn gíráàmù 13.3. Bí a ṣe mọ̀ pé wúrà ni títí dé inú, láìtún fi fáìlì kàn án, rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ń ta wúrà kì í lò ó. A gbé ife omi lé òṣùwọ̀n kékeré tí ń ka gíráàmù títí dé ìdá ọgọ́rùn-ún, a dá òṣùwọ̀n náà padà sí òdo, a so òwú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òrùka mẹ́dàlì, a sì rọra rì í sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Èéhó afẹ́fẹ́ kéékèèké rọ̀ mọ́ abẹ́ òrùka náà. Àfi ìgbà tí a mi òwú kí wọ́n tó jáde, nítorí pé ìwọ̀nba èéhó bẹ́ẹ̀ tó láti ba èsì jẹ́. Òṣùwọ̀n ka 0.76. Ìyẹn ni ìwọ̀n omi tí ara mẹ́dàlì náà tì kúrò ní ipò. Bí a bá fi 0.76 pín 13.3, a ó rí 17.5: iye ìlọ́po tí mẹ́dàlì náà fi wúwo tó omi tí ó gba àyè kan náà. Fàdákà kò ju 10.5 lọ, bàbà kò pé 9, wúrà 18 káráàtì, èyí tí ìpín 18 nínú 24 rẹ̀ jẹ́ ògidì wúrà, sì máa ń wà ní nǹkan bí 15 sí 16. Ògidì wúrà jẹ́ 19.3. Nítorí náà, kì í ṣe bàbà tí a fi omi wúrà bò, kì í sì í ṣe fàdákà.

Omi nìkan kò tó ṣá o. Irin kan wà tí ń jẹ́ tungsten, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ògidì wúrà dọ́gba, àwọn ayédèrú sì mọ̀ ọ́n. A gbé mẹ́dàlì náà lọ sí Èkó, sọ́dọ̀ oníṣòwò kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán X ka ohun tí ó wà nínú irin láìpa á lára. Ẹ̀rọ yìí náà ní àbùkù tirẹ̀: awọ irin nìkan ni ó ń rí, kò rí inú. Omi ló ń jẹ́rìí inú, ìtànṣán ló ń jẹ́rìí awọ. Ẹni tí ó bá lo ọ̀kan ṣoṣo kò tíì dán nǹkan wò. Ní ojú méjèèjì mẹ́dàlì, wúrà ni ó pọ̀ jù lọ pátápátá. Nígbà tí a yí òrùka sí ẹ̀rọ, iye yí padà: wúrà rẹ̀ kéré sí ti mẹ́dàlì, fàdákà inú rẹ̀ sì pọ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀, a kò tíì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ́.

Kíka ohun tí a kọ sára rẹ̀ ni ó kàn. Èdè Látìn ni. A mú àwòrán rẹ̀ tọ fàdá kan lọ, ó sì ka ojú tí ìyá arúgbó wà pé Victoria fi ayọ̀ parí ọgọ́ta ọdún ìjọba rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, pẹ̀lú ọdún tí a fi lẹ́tà kọ: MDCCCXCVII, èyí tí í ṣe 1897. Ní ojú kejì, ó ka LONGITVDO DIERVM IN DEXTERA EIVS ET IN SINISTRA GLORIA. Ó ti ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìyá kan láti ìdí-igi àkọ́kọ́, tí ó bá wa lọ, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀: “Ọjọ́ gígùn ń bẹ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.” Òwe 3:16 ni. Láti ibẹ̀, ìdánimọ̀ kò le mọ́. Mẹ́dàlì ìrántí ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin Victoria ni, èyí tí Royal Mint, ilé iṣẹ́ tí ń rọ owó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, rọ ní 1897 ní ìwọ̀n ńlá àti kékeré, ní wúrà àti fàdákà, ti bàbà sì wà ní ìwọ̀n ńlá. Kékeré oníwúrà ni ti ẹbí yìí; ńlá máa ń tó mìlímítà 55 ní ìbú. Orí ìyá arúgbó jẹ́ iṣẹ́ Thomas Brock, ẹni náà tí ó gbẹ́ ère ìrántí ńlá tí ó wà níwájú ààfin Buckingham. Orí ọ̀dọ́mọbìnrin wá láti inú iṣẹ́ William Wyon, tí ó ti kú ní 1851. Láti ara mẹ́dàlì tí Wyon gbẹ́ ní 1837 ni wọ́n sì ti mú àwòrán tí ó wà lára sítáǹbù àkọ́kọ́ láyé, ti 1840.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ 1837 ṣe parí. Ọdún tí Ọbabìnrin gorí ìtẹ́ ni, kì í ṣe ọdún tí a rọ mẹ́dàlì. Ọmọ wa tó wà ní òkè òkun kò fẹ́ gbà bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ tó láti dá a lóhùn. Ní 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ. Ìlú náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ní 1837, ọdún 1843 sì ni Henry Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó, tó kọ́kọ́ wọ ìlú. Ta ni ì bá gbé mẹ́dàlì ọba òyìnbó wá fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́dún náà?

Ẹlòmíràn nínú ẹbí gbé nǹkan mìíràn dìde, èyí sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti kà pé ní 1897 kan náà, ọba òyìnbó fi mẹ́dàlì dá àwọn ènìyàn lọ́lá, pé ti wúrà sì jẹ́ ti ìdílé ọba nìkan. Òrùka ìgbékọ́ wà lára tiwa, ó ní, nítorí náà èyí ni. Òótọ́ ni pé mẹ́dàlì ìdálọ́lá bẹ́ẹ̀ wà, tí wọ́n ń fi ọ̀já kọ́ sí àyà. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju tiwa lọ, ó tó mìlímítà 30, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ sínú òdòdó, kì í ṣe orí ọ̀dọ́mọbìnrin àti Látìn. Ohun méjì tí wọ́n jọ bọ́ sí ọdún kan náà ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa ni èyí tí wọ́n ń tà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó láti rà á.

Gbólóhùn yìí ni ó yí gbogbo ìwádìí padà, a sì rí i pé olórí ẹbí kò fẹ́ràn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ohun kan bá ti wà ní ọjà, níní in kò lè jẹ́rìí pé ọba ni ó fi tọrẹ. A kò sọ pé olórí ẹbí parọ́. A wá ibi tí ìtàn náà lè ti wá. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Ọbabìnrin kì í ṣe ohun tuntun: ní 1849, Victoria fi Bíbélì méjì ránṣẹ́ sí Ṣágbúà, olórí Ẹ̀gbá nígbà náà, àti àwọn ìjòyè, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Lárúbáwá, ìtàn náà sì ti di ti gbogbo ìlú. Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fojú kan Ọba Edward Keje. Irú ìtàn báyìí máa ń rìn wọ ilé. Bí ẹbí kan bá ní ohun tí orí Ọbabìnrin wà lára rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ìtàn ìlú yóò fi di ìtàn ohun náà. Ẹnì kan béèrè bóyá baba ńlá wà lára àwọn tí ó bá Aláké lọ ní 1904. A kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ohunkóhun tí a kà lórí ìrìn àjò náà. A tún wo ìwé ìròyìn Èkó ti 1897 ní ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí ní Ìbàdàn: ayẹyẹ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kò sí orúkọ baba ńlá náà. Ẹ má gbàgbé pé ní 1897, Abẹ́òkúta kì í ṣe ara Èkó. Àdéhùn 1893 láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba òyìnbó ti gbà pé Ẹ̀gbá ń dá ara wọn ṣe ìjọba, nítorí náà kò sí ìdí tí gómìnà Èkó fi ní láti máa pín ẹ̀bùn ayẹyẹ fún oníṣòwò ibẹ̀.

A ti fẹ́ kọ èsì tí yóò dá ìtàn náà dúró sí “ẹbí sọ pé”, kí a sì parí rẹ̀ síbẹ̀. Òrùka náà ni kò jẹ́.

Mo ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó wá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ibi tí òrùka ti so mọ́ etí. Ẹni tí ó jó o mọ́ ọn mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọba. Ohun tí ó fi lẹ̀ ẹ́ ti yọ́ ṣàn díẹ̀ sí ara etí mẹ́dàlì náà, ó sì dà bí ẹ̀kọ tí ó ṣàn jáde lẹ́nu ìkòkò. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò jó o sí òkè orí tààrà. Ó yà díẹ̀ sí apá kan, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a bá gbé mẹ́dàlì kọ́, ìyá arúgbó náà máa ń tẹ orí síwájú bí ẹni tí ń wo ilẹ̀. Ohun kejì ni pé ojú méjèèjì kò gbó dọ́gba. Lójú ìyá arúgbó, fọ́nrán ìbòrí rẹ̀ ṣì hàn kedere. Lójú ọ̀dọ́mọbìnrin, irun tí ó wà lókè etí ti tẹ́jú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ti dán. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ń wọ̀ ọ́ máa ń kọ ojú ìyá arúgbó síta ní gbogbo ìgbà, tí ojú kejì sì ń ha ara mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti wọ̀ ọ́ pẹ́.

A béèrè lọ́wọ́ ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bóyá ẹnikẹ́ni ní fọ́tò àtijọ́. Àwọn ọmọ ìyá àgbà kò ní. Olórí ẹbí kò ní. Ní ilé ìdí-igi kẹta, ní apá Ìbarà, tí kò ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, fọ́tò kan wà lára ògiri nínú férémù tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Baba ńlá jókòó ní àárín, àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́ta dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ sì jókòó sílẹ̀. Ìyàwó àkọ́kọ́ àti ìkẹta so iyùn mọ́rùn. Ìyàwó kejì so ẹ̀wọ̀n tí ohun róbótó kan rọ̀ mọ́. Nígbà tí a tún ya fọ́tò náà tí a sì mú kí ó tóbi, orí obìnrin tí ó fi ìbòrí bora hàn níbẹ̀, ó yà sí apá kan, ó ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn fọ́tò náà, ẹnì kan ti fi yíǹkì kọ “Centenary 1930”. Ọdún yẹn ni Abẹ́òkúta ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀, lábẹ́ Aláké Adémọ́lá Kejì. Gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún un ṣì dúró ní Aké títí di òní. Síbẹ̀, ohun tí a fi ọwọ́ kọ sẹ́yìn fọ́tò kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè dúró lé nìkan, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ nígbàkígbà. Ohun tí ó gbè é lẹ́yìn ni ìyá àgbà tí a sin: ó wà lára àwọn ọmọ tí ó jókòó sílẹ̀, kò sì lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ìwé ìsàmì ìjọ rẹ̀ fi hàn pé 1926 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ orí ọmọ inú fọ́tò àti ọdún tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀ bára mu. Ṣé ẹ wá rí i: òrùka tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àbùkù ni ohun kan ṣoṣo tí ó lè sọ fún wa pé mẹ́dàlì inú fọ́tò ni mẹ́dàlì ọwọ́ wa. Mẹ́dàlì ọdún 1897 pọ̀ láyé. Èyí tí wọ́n jó òrùka wíwọ́ báyìí mọ́ kò pọ̀.

Nígbà tí a gbé fọ́tò náà síwájú ìpàdé ẹbí, àlàyé wa kọ́ ni ó yanjú ọ̀rọ̀. Ìyá ìdí-igi àkọ́kọ́ tí ó ka ẹsẹ Bíbélì ni ó tún sọ̀rọ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́, ó sì ní bí ó bá jẹ́ ti ilé ni, ọrùn ìyálé ni ì bá wà, kì í ṣe ọrùn ìyàwó kejì. Pé ìyá àwọn ni ìyálé, òun sì mọ̀ ọ́n, kò ní gbà kí ohun ọlá ọkọ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹlòmíràn nígbà tí ọkọ náà jókòó síwájú wọn. Kò sẹ́ni tí ó rí èsì fọ̀. Ẹ̀rí yìí lágbára nítorí pé àǹfààní ti ìdí-igi rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ lòdì sí. Àwa fúnra wa kò lè kọ irú rẹ̀ sínú èsì. Fọ́tò fi hàn pé ó wọ̀ ọ́, kò fi hàn pé ó rà á. Ọkọ lè rà á fún un. Ṣùgbọ́n bóyá ó rà á tàbí ọkọ fún un, lójú àwọn àgbà, ti ìyá náà ni, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó sì jogún rẹ̀.

Kí a tó dé ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí a sọ iye. Ìsàlẹ̀ iye ohunkóhun tí a fi wúrà ṣe ni iye wúrà inú rẹ̀, ìyẹn kò ní àdììtú. Wúrà tí ó bá jẹ́ 22 káráàtì jẹ́ ìpín 22 nínú 24, nítorí náà gíráàmù 12 rẹ̀ ní gíráàmù 11 ògidì wúrà nínú. Iye àgbáyé máa ń jáde ní dọ́là fún áúǹsì kan, áúǹsì wúrà sì jẹ́ gíráàmù 31.1035, kì í ṣe 28 tí àwọn kan máa ń fi ṣe é. A pín in, a sọ ọ́ di náírà ní pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà. Ìwọ̀n òrùka gbọ́dọ̀ kúrò kí a tó ṣe ìṣirò yìí, nítorí pé wúrà rẹ̀ kéré. Nígbà tí a ṣe é báyìí, ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá iye lé e ti fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Iye tí ó sọ kò sún mọ́ èyí tí ó yẹ kí oníṣòwò wúrà san, kódà lẹ́yìn tí ó bá ti yọ èrè tirẹ̀.

Òkè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kó mẹ́dàlì jọ. Níbí, ohun tí à ń wò ni èsì ọjà gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo máa ń fi sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iye tí ènìyàn kọ sí ojú ọjà kì í ṣe iye tí nǹkan tà. Ọmọ wa tó wà ní òkè òkun kó àwọn iye tí wọ́n ń béèrè wá, àwa kó iye tí wọ́n tà á wá, àárín méjèèjì sì jìn. Kódà nínú iye gbàǹjo, ẹni tí ó rà á tún ń san owó ilé gbàǹjo lé e lórí, wọ́n sì ń yọ tiwọn nínú owó ẹni tí ó tà á, nítorí náà iye tí wọ́n kéde kọ́ ni iye tí yóò dé Abẹ́òkúta. Mẹ́dàlì tí ó mọ́, tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ aláwọ pupa, máa ń fi ohun tí ó pọ̀ ju iye wúrà rẹ̀ lọ. Èyí tí a jó òrùka mọ́, tí a ti wọ̀ gbó, tí a ti fọ̀ dán, tí fáìlì sì ti gbo etí rẹ̀, kì í jìnnà sí iye wúrà.

Nígbà tí olórí ẹbí gbọ́ èyí, ó ní kí a yọ òrùka náà kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wáyé nínú iṣẹ́ yìí, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń jẹ́ bákan náà: ibi tí a bá ti yọ òrùka kúrò máa ń fi àpá sílẹ̀, ẹni tí ó mọ nǹkan yóò sì rí i ní ìṣẹ́jú kan, yóò sì dá iye rẹ̀ padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ní ti mẹ́dàlì yìí, a ó tún pàdánù ohun tí ó so ó mọ́ fọ́tò. Àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi gbà pé ìtàn ẹbí pẹ̀lú fọ́tò lè gbé iye rẹ̀ sókè ní gbàǹjo. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ bí ẹni inú fọ́tò bá jẹ́ ẹni tí ìtàn ìlú mọ̀. Fún ìyàwó oníṣòwò epo, mi ò gbà pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kò sì ní kọ iye tí ń fún ẹbí ní ìrètí òfo. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láti lọ tà á, a sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́dọ̀ àjọ tí ń bójú tó ilé ọnà àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 fún lágbára lórí gbígbé ohun àtijọ́ kọjá ibodè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìwé ìyọ̀ǹda yẹ.

Wọn kò tà á. Àwọn ọmọ ìyá àgbà mú un, wọ́n sì fún ìdí-igi kẹta ní ẹ̀dà fọ́tò tuntun nínú férémù tuntun. Bí wọ́n ṣe tún ọ̀rọ̀ yòókù ṣe láàárín ara wọn kì í ṣe ti wa.

Ibi tí èsì wa ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni gbólóhùn kan ṣoṣo. Olórí ẹbí fẹ́ kí a kọ pé Ọbabìnrin Victoria ni ó fi ránṣẹ́ sí baba ńlá. Kò ní buwọ́ lù ú bí kò bá sí níbẹ̀. Mo ti rí ẹlẹgbẹ́ tí ó kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kí àlàáfíà lè wà, tí gbólóhùn náà sì di ẹ̀rí ní kóòtù lẹ́yìn náà. Bí a ṣe ṣe é ni pé a kọ èsì náà ní apá mẹ́ta: ohun tí a wọ̀n tí a sì rí fúnra wa, ohun tí ìwé tàbí fọ́tò sọ, àti ohun tí ẹbí ń sọ, pẹ̀lú ìdí-igi tí ó sọ ọ́. Ìtàn Ọbabìnrin wà ní apá kẹta, ní kíkún, bí baba náà ti sọ ọ́ gan-an. Ó kà á, ó rí i pé a kò gé ọ̀rọ̀ òun kúrú, ó sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ìlú tí ìtàn pọ̀ bí Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ fi apá kẹta yìí sílẹ̀, nítorí pé bí kò bá sí àyè fún un nínú ìwé, yóò wá àyè fún ara rẹ̀ nínú apá àkọ́kọ́.

Iye wà lójú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣe ìṣirò rẹ̀, iye wúrà ọjọ́ náà àti pàṣípààrọ̀ dọ́là. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá àgbà padà wá ní ọdún kejì pé kí a tún un ṣe nítorí pé wúrà ti gbówó lórí, ojú ewé kan yẹn nìkan ni a yọ tí a sì kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn tí a tún wọn mẹ́dàlì náà lójú wọn tí ó sì ṣì jẹ́ gíráàmù 13.3.